Cathepsin K, ẹ́ńsáìmù tó ń jẹ eegun: ìtọ́sọ́nà láti inú sẹ́ẹ̀lì títí dé orí èsì àyẹ̀wò yín

Bí dókítà bá ní kí ẹ lọ ṣe àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ nítorí eegun, tí èsì dé, tí ẹ sì rí CTX lórí bébà, iṣẹ́ ọwọ́ ẹ́ńsáìmù kan ni ẹ ń wò yẹn. Cathepsin K lorúkọ rẹ̀. Òun ló ń gé okùn prótéènì inú eegun sí wẹ́wẹ́. Àwọn ègé tó bọ́ sínú ẹ̀jẹ̀ ni ilé àyẹ̀wò wọ̀n fún yín. Ọ̀pọ̀ èèyàn tó ti gba irú bébà bẹ́ẹ̀ kò gbọ́ orúkọ yìí rí. Ohun tí wọ́n sọ fún wọn kò ju pé nọ́ńbà wọn ga, tàbí pé ó lọ sílẹ̀.

Ìtọ́sọ́nà yìí wà fún ẹni tí eegun ń dà láàmú, fún òbí tí wọ́n sọ fún pé eegun ọmọ rẹ̀ ki ju bó ṣe yẹ lọ, àti fún akẹ́kọ̀ọ́ tó fẹ́ mọ bí nǹkan ṣe rí gan-an. Mo bẹ̀ yín, ẹ má fo ìbẹ̀rẹ̀ lọ sórí ọ̀rọ̀ oògùn. Oògùn kan wà tó dènà ẹ́ńsáìmù yìí dáadáa, tó dín eegun kíkán kù, tí wọ́n sì tún kó o dànù. Ẹni tí kò bá mọ ibi tí cathepsin K ń gbé àti ohun tó ń ṣe kò lè lóye ìdí rẹ̀.

Ìgbésẹ̀ kìíní: Ẹ mọ ibi tó ń gbé

Inú sẹ́ẹ̀lì ara wa ni àwọn àpò kéékèèké kan wà tí wọ́n ń pè ní lysosome. Christian de Duve, onímọ̀ sáyẹ́ǹsì ọmọ ilẹ̀ Bẹ́ljíọ̀mù, ló fún wọn lórúkọ yìí ní 1955. Ní 1974, òun, Albert Claude àti George Palade jọ gba ẹ̀bùn Nobel. Inú àpò yìí kan gan-an. pH rẹ̀, ìyẹn nọ́ńbà tí wọ́n fi ń wọn bí nǹkan ṣe kan tó (bó bá ṣe kéré tó ni nǹkan ṣe kan tó), máa ń wà láàárín 4.5 sí 5, nígbà tí ti omi inú sẹ́ẹ̀lì tó yí i ká ju 7 lọ díẹ̀. Ibẹ̀ ni sẹ́ẹ̀lì ń kó ohun tó gbó àti ohun tó gbé mì láti ìta lọ, kí àwọn ẹ́ńsáìmù ibẹ̀ lè tú u palẹ̀, kí ara sì rí èyí tó wúlò lò padà.

Protease ni wọ́n ń pe àwọn ẹ́ńsáìmù tó ń gé prótéènì. Ìdílé cathepsin wà lára wọn, mọ́kànlá nínú ìdílé yìí ló sì ń fi ámínò ásíìdì tó ń jẹ́ cysteine gé nǹkan nínú ara èèyàn. Lẹ́tà ni wọ́n fi dá wọn mọ̀: B, C, F, H, K, L, O, S, V, W àti X. Àwọn bíi B àti L wà nínú sẹ́ẹ̀lì oríṣiríṣi káàkiri ara. K ní tirẹ̀ fẹ́ràn ibì kan: osteoclast, sẹ́ẹ̀lì tó ń jẹ eegun, ló ní i jù. A tún ń rí i níwọ̀nba nínú awọ ara, ẹ̀dọ̀fóró, ẹṣẹ́ thyroid tó wà lọ́rùn, àti ògiri òpó ẹ̀jẹ̀. Ẹ fi ìyẹn sọ́kàn, ó máa padà wá.

Jíìnì tó ń pàṣẹ bí wọ́n ṣe máa hun ún ni CTSK, orí krómósómù kìíní ló wà. Nígbà tí sẹ́ẹ̀lì bá kọ́kọ́ hun ún, ámínò ásíìdì 329 ló gùn, kò sì lè gé ohunkóhun, nítorí apá kan lára rẹ̀ bo ojú ibi tó fi ń gé nǹkan, bí idà tó ṣì wà nínú àkọ̀. Ìgbà tó bá dé ibi tó kan ni apá yẹn á bọ́ kúrò, ámínò ásíìdì 215 á kù, ẹ́ńsáìmù á jí. Báyìí ni sẹ́ẹ̀lì tó hun ún kì í ṣe di oúnjẹ fún un. Bí díẹ̀ bá tilẹ̀ jò síbi tí kò yẹ, àwọn prótéènì kan tó ń jẹ́ cystatin wà níbẹ̀ láti dì í mú. Cystatin C wà lára wọn, èyí tí àwọn dókítà kíndìnrín tún ń wọ̀n nínú ẹ̀jẹ̀ fún iṣẹ́ tiwọn.

Ìgbésẹ̀ kejì: Ẹ tẹ̀ lé osteoclast dé ẹnu iṣẹ́

Ohun alààyè ni eegun. Nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́wàá eegun àgbàlagbà ni ara ń wó tó sì ń tún mọ lọ́dọọdún. Osteoclast ń wó, osteoblast ń mọ. Wíwó ojú kan kì í ju ọ̀sẹ̀ mélòó kan lọ, ṣùgbọ́n mímọ rẹ̀ padà lè gba oṣù mẹ́ta sí mẹ́rin. Nítorí náà, bí ibi tí wọ́n ń wó bá pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, àwọn tó ń mọ kò ní lè bá wọn.

Ọ̀pọ̀ ìwé ló máa ń kọ nípa osteoclast bíi pé ọ̀tá ni. Èmi ò gbà bẹ́ẹ̀. Eegun tí wọn kò wó ni eegun tí sísán wẹ́wẹ́ inú rẹ̀ kò ní rí àtúnṣe, a ó sì rí àwọn tó ń gbé irú eegun bẹ́ẹ̀ kiri ní ìgbésẹ̀ kẹrin.

Osteoclast jẹ́ sẹ́ẹ̀lì ńlá kan, ìbátan àwọn sẹ́ẹ̀lì funfun inú ẹ̀jẹ̀. Á gúnlẹ̀ sójú eegun, á fi etí ara rẹ̀ lẹ̀ mọ́ ọn pinpin débi tí ohunkóhun kò ní lè jò jáde lábẹ́ rẹ̀, á wá máa tú ásíìdì sísàlẹ̀. pH abẹ́ ibẹ̀ á já wálẹ̀ sí nǹkan bí 4.5. Ásíìdì yìí ló ń yọ́ èròjà líle inú eegun, ìyẹn kálísíọ́mù àti fọ́sífétì tó dì mọ́ra. Ohun tó máa ṣẹ́ kù ni okùn prótéènì tó ń jẹ́ collagen, tó jẹ́ nǹkan bí ìdá mẹ́sàn-án nínú mẹ́wàá gbogbo ohun tí kì í ṣe èròjà líle nínú eegun. Ásíìdì kò lè mú un. Ìgbà yìí ni àwọn àpò lysosome inú osteoclast á sún wá sí ẹ̀gbẹ́ tó kọjú sí eegun, wọ́n á sì da cathepsin K sínú kòtò náà.

Ẹ́ńsáìmù tó yẹ kó máa ṣiṣẹ́ nínú àpò ti wá ń ṣiṣẹ́ lóde sẹ́ẹ̀lì nìyẹn. Ohun tó jẹ́ kó ṣeé ṣe ni pé osteoclast ti sọ kòtò abẹ́ rẹ̀ di ibi tó kan bí inú lysosome ṣe kan. Bí ásíìdì kò bá sí níbẹ̀, ẹ́ńsáìmù yìí kò lè ṣe nǹkan tó lápẹẹrẹ.

Collagen kì í ṣe ẹran rírọ̀. Okùn mẹ́ta ló lọ́ mọ́ra wọn, ọ̀pọ̀ protease kì í sì í rí ibi tí wọn yóò ti ki eyín bọ̀ ọ́. Àwọn ẹ́ńsáìmù MMP kan wà tó lè gé e, ṣùgbọ́n ojú kan ṣoṣo ni wọ́n ń gé e sí lára okùn, tí ègé kan á fi gùn ju èkejì lọ ní ìlọ́po mẹ́ta. Cathepsin K ń gé e níbi púpọ̀, láti ìkángun àti láti àárín, títí yóò fi di ègé kéékèèké. Kò sì dá a ṣe. Ó máa ń so mọ́ chondroitin sulfate, ṣúgà gígùn kan tó wà nínú eegun àti nínú eegun rírọ̀ tó bo oríkèé, àpapọ̀ wọn ló sì lágbára láti tú okùn mẹ́ta náà. Tó bá jẹ́ prótéènì mìíràn ló fẹ́ gé, kò nílò alábàáṣe yìí. Àwọn tó ń wá oògùn tuntun ti ń fojú sí ìyàtọ̀ yìí.

Ìgbésẹ̀ kẹta: Ẹ mọ ẹni tó ń pàṣẹ

Osteoclast kì í dédé bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Àwọn sẹ́ẹ̀lì tó há sínú eegun, pẹ̀lú osteoblast, ló ń fi prótéènì kan tó ń jẹ́ RANKL ránṣẹ́ sí sẹ́ẹ̀lì tí kò tíì dàgbà. Bí ó bá rí i gbà, á dàgbà di osteoclast, jíìnì CTSK á sì tanná. Osteoprotegerin ni ara fi ń gba RANKL mú kó tó dé ibi tó ń lọ. Iye eegun tí ara ń wó dúró lórí èyí tó pọ̀ jù nínú àwọn méjèèjì.

Estrogen máa ń dẹ RANKL lọ́wọ́. Nígbà tí nǹkan oṣù obìnrin bá dúró, tí estrogen sì lọ sílẹ̀, RANKL á rí ààyè, ìdí sì nìyẹn tí eegun fi ń yára dín ní àwọn ọdún àkọ́kọ́ lẹ́yìn rẹ̀. Oògùn bíi prednisolone, tí èèyàn bá ń lò ó fún oṣù mélòó kan, ń gbé RANKL ga, ó sì tún ń pa osteoblast. Bí kálísíọ́mù inú ẹ̀jẹ̀ bá kéré, họ́mónù parathyroid á pàṣẹ kí wọ́n wó eegun láti rí i, torí ọkàn àti iṣan kò lè dúró de ọ̀la.

Ìgbésẹ̀ kẹrin: Ẹ wo àwọn tí kò ní i rárá

Ní 1962, dókítà ọmọ Faransé méjì, Pierre Maroteaux àti Maurice Lamy, ṣàpèjúwe àìsàn kan tí wọ́n pè ní pycnodysostosis. Eegun àwọn tó ní i máa ń funfun gbòò lórí fọ́tò X-ray, ó ki, ó wúwo, síbẹ̀ kò ṣòro fún un láti kán. Ó di 1996 kí ẹgbẹ́ olùwádìí tí Bruce Gelb wà lára wọn tó rí i pé jíìnì CTSK ló bàjẹ́. Lọ́dún méjì lẹ́yìn náà, wọ́n yọ jíìnì ọ̀hún kúrò lára eku, eegun eku náà sì ki.

Nígbà tí wọ́n fi awò tó ń sọ nǹkan kékeré di ńlá wò ó, osteoclast wà níbẹ̀. Ó ń tú ásíìdì. Ó ń yọ́ èròjà líle. Ṣùgbọ́n collagen tó yẹ kó gé wà nílẹ̀ bẹ́ẹ̀ lójú eegun, láìsí ohun tó bò ó mọ́. Wíwó bẹ̀rẹ̀, kò parí. Eegun àtijọ́ ń pọ̀ lórí ara wọn, ibi tó sán kò rí àtúnṣe, eegun ń ki sí i, agbára rẹ̀ ń dín kù.

Ohun tí òbí máa kọ́kọ́ kíyè sí ni pé ọmọ kò ga bí ẹgbẹ́ rẹ̀; ọ̀pọ̀ nínú wọn kì í ga tó 150 sẹ̀ǹtímítà nígbà tí wọ́n bá dàgbà. Àwùjẹ̀ tó yẹ kó ti dí nígbà tí ọmọ bá ń lọ sí ọmọ ọdún méjì á ṣì wà ní ṣíṣí, fún àwọn mìíràn títí di àgbà. Àgbọ̀n máa ń kéré, orí ìka ọwọ́ máa ń kúrú, èékánná ibẹ̀ sì lè fẹ̀ kó sì rí wọ́gọwọ̀gọ. Eyín ọmọdé kì í tètè ká, ti àgbà á wá yọ sẹ́yìn rẹ̀, ẹnu á kún. Lẹ́yìn náà ni eegun ẹsẹ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í kán látorí ohun tí kò tó nǹkan.

Àìsàn yìí ṣọ̀wọ́n púpọ̀. Èèyàn kan sí méjì nínú mílíọ̀nù kan ni wọ́n sábà máa ń fojú díwọ̀n rẹ̀ sí. Ọmọ gbọ́dọ̀ jogún jíìnì tó bàjẹ́ lọ́dọ̀ bàbá àti ìyá kí ó tó ṣẹlẹ̀, nítorí náà ó máa ń wọ́pọ̀ díẹ̀ sí i níbi tí tọkọtaya bá ti jẹ́ ìbátan. Àwọn òbí fúnra wọn kì í ní àmì kankan. Ewu rẹ̀ jẹ́ ìdá kan nínú mẹ́rin nínú oyún kọ̀ọ̀kan. Kì í ṣe pé bí àkọ́bí bá ti ní i, àwọn mẹ́ta tó tẹ̀ lé e ti bọ́.

Ẹ lè ti gbọ́ nípa Henri de Toulouse-Lautrec, ayàwòrán ọmọ Faransé tó gbé ayé láti 1864 sí 1901. Eegun itan rẹ̀ méjèèjì kán nígbà tó wà ní ọ̀dọ́, kò sì ga mọ́. Ìbátan ni àwọn òbí rẹ̀. Maroteaux àti Lamy ronú pé pycnodysostosis ló ṣe é; àwọn mìíràn kò gbà. Kò sẹ́ni tó yẹ jíìnì rẹ̀ wò, àríyànjiyàn náà kò sì tíì tán.

Bí wọ́n bá fura sí àìsàn yìí lára ọmọ yín, ohun tí màá kọ́kọ́ sọ ni pé kí ẹ béèrè àyẹ̀wò jíìnì CTSK, kí wọ́n má fi ojú X-ray nìkan parí ọ̀rọ̀. Àìsàn mìíràn wà tó ń jẹ́ osteopetrosis tí eegun ibẹ̀ náà ń ki. Nínú oríṣi rẹ̀ tó le, ààyè mùdùnmúdùn á dí, ẹ̀jẹ̀ ọmọ á máa gbẹ. Ìyẹn kì í sábà ṣẹlẹ̀ nínú pycnodysostosis, ìtọ́jú àwọn méjèèjì sì yàtọ̀ pátápátá.

Ìkejì ṣe pàtàkì jù. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fún ọmọ náà ní oògùn tó ń dá osteoclast dúró, bíi bisphosphonate tàbí denosumab, kìkì nítorí pé eegun rẹ̀ ń kán. Iṣẹ́ osteoclast ọmọ yìí ti kù díẹ̀ káàtó tẹ́lẹ̀. Oògùn yẹn á wulẹ̀ tún dè é lọ́wọ́ ni. Bí ẹ̀rọ tó ń wọn kíki eegun bá sì gbé nọ́ńbà tó ga jáde, ẹ má fi í yọ̀. Ẹ̀rọ náà ń ka bí eegun ṣe wúwo tó, kò mọ bóyá ó lágbára.

Ẹnu ọmọ náà nílò àmójútó ju ti ẹlòmíràn lọ. Ìtọ́jú eyín láti kékeré, kí ó má baà di pé wọ́n ń yọ ọ́, torí pé eegun àgbọ̀n wọn kì í tètè jinná lẹ́yìn eyín yíyọ, àrùn sì lè wọ inú rẹ̀ kó má fẹ́ lọ. Bí iṣẹ́ abẹ bá pọn dandan, ẹ sọ fún ẹni tó máa fún un ní oògùn orun ṣáájú ọjọ́ náà: àgbọ̀n kékeré máa ń jẹ́ kó ṣòro láti fi ọ̀pá èémí sọ́nà ọ̀fun. Híhanrun líle lóru náà yẹ ní sísọ, torí èémí lè máa dá dúró lójú oorun. Àwọn dókítà kan ti fún àwọn ọmọ kan ní họ́mónù ìdàgbàsókè kí wọ́n lè ga sí i. Oògùn tó ń fi cathepsin K tó sọnù rọ́pò kò tíì sí.

Ìgbésẹ̀ karùn-ún: Ẹ wo ibi tó ti pọ̀ jù

Osteoporosis, àrùn tó ń sọ eegun di ẹlẹgẹ́, ni òdìkejì pycnodysostosis. Níhìn-ín, kò sí ohun tó ṣe ẹ́ńsáìmù fúnra rẹ̀. Osteoclast ló pọ̀ jù, àṣẹ RANKL ló pọ̀ jù, wíwó sì ju mímọ lọ. Ẹ̀rọ DXA ni wọ́n fi ń wọn kíki eegun. Bí T-score, ìyẹn nọ́ńbà tó ń fi kíki eegun yín wé ti ọ̀dọ́ tí ara rẹ̀ le, bá jẹ́ −2.5 tàbí kó kéré jù bẹ́ẹ̀ lọ, osteoporosis ni wọ́n ń pè é. Eegun ọ̀pá ẹ̀yìn, ìgbáròkó àti ọrùn ọwọ́ ló máa ń kọ́kọ́ kán.

Nínú àrùn oríkèé tí ara ń gbógun ti ara rẹ̀, àwọn sẹ́ẹ̀lì ìbòrí inú oríkèé náà máa ń pèsè cathepsin K, ó sì ń bá wọn jẹ eegun àti eegun rírọ̀. Jẹjẹrẹ ọmú àti ti ẹṣẹ́ prostate tó bá ti dé inú eegun ń ti osteoclast sẹ́nu iṣẹ́ kí wọ́n lè rí ààyè gbilẹ̀. Nínú ògiri òpó ẹ̀jẹ̀ tí ọ̀rá ti dì sí, ẹ̀rí rẹ̀ wà pé cathepsin K ń gé elastin, prótéènì tó ń jẹ́ kí òpó náà lè nà kó sì súnkì. Àwọn dókítà tó ń yẹ ẹran ara wò ti sọ ọ́ di àmì: bí wọ́n bá fi àwọ̀ cathepsin K kun oríṣi jẹjẹrẹ kíndìnrín kan tí jíìnì TFE3 ti yí padà, ó sábà máa ń gbà á, nígbà tí ọ̀pọ̀ jẹjẹrẹ kíndìnrín yòókù kì í gbà á.

Ìgbésẹ̀ kẹfà: Bí ẹ ṣe máa ka èsì CTX

CTX jẹ́ ìrù collagen tí cathepsin K gé kúrò. Bí wíwó eegun bá pọ̀, CTX á ga. Àyẹ̀wò yìí kò lè sọ bóyá ẹ ní osteoporosis. DXA àti ìtàn eegun kíkán ló ń sọ ìyẹn. Ohun tó wúlò fún jù ni láti mọ̀ bóyá oògùn tí ẹ ń lò ń ṣiṣẹ́, ó sì máa ń fi í hàn láàárín oṣù mẹ́ta, nígbà tí DXA lè gba ọdún kan tàbí méjì.

Ibi tí nǹkan ti ń bàjẹ́ jù ni ọ̀nà tí wọ́n gbà fa ẹ̀jẹ̀. CTX máa ń ga lóru àti ní òwúrọ̀ kùtù, á wá wálẹ̀ ní ọ̀sán. Oúnjẹ náà ń fà á wálẹ̀. Ẹni tí wọ́n fa ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ láàárọ̀ kó tó jẹun nígbà àkọ́kọ́, tí wọ́n sì fà á lọ́sàn-án lẹ́yìn oúnjẹ nígbà kejì, lè rò pé oògùn ń ṣiṣẹ́ nígbà tí kò ṣe nǹkan kan. Nítorí náà, ẹ gbààwẹ̀ látòru, ẹ lọ láàárín aago méje ààbọ̀ sí mẹ́wàá àárọ̀, kí ẹ sì lọ sí ilé àyẹ̀wò kan náà nígbà gbogbo. Bí ẹ bá ń lo biotin, tó wà nínú ọ̀pọ̀ oògùn irun àti èékánná, ẹ sọ fún wọn ṣáájú. Ó lè da àwọn ẹ̀rọ kan rú kí nọ́ńbà wálẹ̀ ju bó ṣe yẹ.

Ẹ wo ìwọ̀n tí wọ́n kọ síwájú nọ́ńbà. 450 ng/L àti 450 pg/mL jẹ́ ohun kan náà, bẹ́ẹ̀ náà ni 0.45 ng/mL. Mo mọ̀ pé ojú lè dá èèyàn tí ó bá rí 0.45 níbì kan àti 450 níbòmíràn.

Àwọn nǹkan kan wà tó ń gbé CTX ga láìjẹ́ pé oògùn kùnà. Eegun tó kán láìpẹ́ lè gbé e sókè fún ọ̀pọ̀ oṣù. Kíndìnrín ló ń gbọ̀n ọ́n jáde, torí náà bí kíndìnrín bá rẹ̀, CTX á jókòó sínú ẹ̀jẹ̀. Ọmọ tó ń dàgbà máa ń ní i púpọ̀, kò sì yẹ kí ẹ fi nọ́ńbà àgbàlagbà wọn tirẹ̀.

Lẹ́yìn oṣù mẹ́ta lórí bisphosphonate tí wọ́n ń gbé mì, ó yẹ kó ti wálẹ̀ dáadáa, lọ́pọ̀ ìgbà ju ìdajì lọ. Ìyípadà tí kò tó nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́rin lè jẹ́ ìyàtọ̀ ojoojúmọ́ lásán, ẹ má kà á sí. Bí kò bá wálẹ̀ rárá, ìbéèrè àkọ́kọ́ kì í ṣe oògùn wo ló kù. Ẹ kọ́kọ́ wo bóyá ẹ ń lò ó bó ṣe yẹ: inú òfo, omi lásán, kí ẹ sì jókòó tàbí kí ẹ dúró ṣánṣán fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú ó kéré tán kí ẹ tó jẹun tàbí kí ẹ dùbúlẹ̀. Oúnjẹ díẹ̀ nínú ikùn máa ń ba gbogbo rẹ̀ jẹ́.

Ohun kan wà tó máa dùn mọ́ akẹ́kọ̀ọ́ níbí. Lára àwọn tó ní pycnodysostosis, CTX máa ń kéré, ṣùgbọ́n àmì mìíràn tó ń jẹ́ ICTP máa ń ga. Àwọn ẹ́ńsáìmù MMP ti gba iṣẹ́ náà ṣe díẹ̀, ègé tiwọn sì yàtọ̀. Cathepsin K, nígbà tó bá wà, máa ń gé ojú ibi tí àyẹ̀wò ICTP ń wá gan-an.

Ìgbésẹ̀ keje: Ẹ mọ ibi tí oògùn dé dúró

Lẹ́yìn 1996, èrò tó wá sọ́kàn àwọn ilé iṣẹ́ oògùn rọrùn: bí àìní ẹ́ńsáìmù yìí bá ń mú eegun ki, ẹ jẹ́ ká dè é díẹ̀ fún àwọn tí eegun wọn ń ṣófo. Wọ́n fẹ́ràn èrò náà torí pé kò pa osteoclast. Sẹ́ẹ̀lì náà á ṣì wà láàyè, á ṣì máa bá osteoblast sọ̀rọ̀, mímọ eegun kò sì ní dúró bó ṣe ń dúró lórí àwọn oògùn mìíràn.

Balicatib wà lára àwọn àkọ́kọ́. Ó wọ inú lysosome, ó sì ń kóra jọ síbẹ̀, débi tó fi ń kan àwọn cathepsin mìíràn tí kì í ṣe K. Awọ ara àwọn kan tó lò ó bẹ̀rẹ̀ sí í le, wọ́n sì dá a dúró.

Odanacatib, ti ilé iṣẹ́ Merck, kì í kóra jọ bẹ́ẹ̀, orí K ló sì tẹjú mọ́ jù. Wọ́n dán an wò lára obìnrin 16,071 tó ti pé ọdún 65 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, mílígíráàmù 50 lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀. Wọ́n fún ìdajì wọn ní oògùn tí kò ní nǹkan kan nínú. Kíkán eegun ìgbáròkó fi ìdá 47 nínú 100 dín kù, ti eegun ẹ̀yìn tí wọ́n rí lórí X-ray fi ìdá 54 dín kù. Èsì tó dára ni, ẹnikẹ́ni tó ti tọ́jú ìyá arúgbó tí ìgbáròkó rẹ̀ kán mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n tún ìṣirò náà yẹ̀ wò, àrùn rọpárọsẹ̀ pọ̀ sí i lára àwọn tó lo oògùn gidi. Ní oṣù kẹsàn-án 2016, Merck kéde pé àwọn kò ní gbé e lọ síwájú mọ́.

Kò sẹ́ni tó tíì fi ẹ̀rí tó dájú hàn ìdí tó fi rí bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ rántí ohun tí mo ní kí ẹ fi sọ́kàn ní ìgbésẹ̀ kìíní: cathepsin K wà nínú ògiri òpó ẹ̀jẹ̀. Ẹ́ńsáìmù tí wọ́n dè nínú eegun, wọ́n dè é níbẹ̀ náà. Lójú tèmi, ìyẹn ni ibi tí èrò àkọ́kọ́ ti rọrùn jù. Ìdí rẹ̀ nìyẹn tí àwọn olùwádìí kan fi ń wá ohun tó máa ya cathepsin K kúrò lára chondroitin sulfate nìkan, kí ó má lè tú collagen mọ́, kí ojú tó fi ń gé àwọn prótéènì yòókù sì wà ní ṣíṣí. Oògùn kankan kò tíì ti inú ìyẹn dé ọwọ́ aláìsàn.

Oògùn tó wà lọ́wọ́ báyìí gba ọ̀nà mìíràn. Bisphosphonate ń lẹ̀ mọ́ eegun. Osteoclast tó bá jẹ eegun náà á jẹ ẹ́ mọ́ ọn, agbára á tán lára rẹ̀. Denosumab, abẹ́rẹ́ oṣù mẹ́fà-mẹ́fà, ń gba RANKL mú bí osteoprotegerin ṣe ń ṣe, osteoclast tuntun kò sì ní rí ọ̀nà dàgbà. Ìyàtọ̀ wọn kan wà tí ó yẹ kí gbogbo ẹni tó ń lò wọ́n mọ̀. Bisphosphonate máa ń wà nínú eegun fún ọdún púpọ̀ lẹ́yìn tí ẹ bá dá a dúró. Denosumab kì í dúró. Bí abẹ́rẹ́ bá pẹ́ ju oṣù mẹ́fà lọ fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan, àwọn osteoclast tí kò rí ọ̀nà tẹ́lẹ̀ á dàgbà lẹ́ẹ̀kan náà, cathepsin K á tú jáde, CTX á fò sókè ju bó ṣe wà kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀, eegun ẹ̀yìn bíi mélòó kan sì lè kán tẹ̀ lé ara wọn. Ẹni tó bá fẹ́ kúrò lórí rẹ̀ gbọ́dọ̀ bá dókítà ṣètò oògùn tó máa rọ́pò rẹ̀ kí ọjọ́ abẹ́rẹ́ tó kọjá.

Ìgbésẹ̀ kẹjọ: Ohun tó wà lọ́wọ́ yín

Kálísíọ́mù nǹkan bí 1,000 sí 1,200 mílígíráàmù lójúmọ́ láti inú oúnjẹ, fítámíìnì D tó tó, rírìn àti gbígbé nǹkan wíwúwo níwọ̀n agbára, àìmu sìgá. Ẹ ti gbọ́ ọ tẹ́lẹ̀. Ohun tí wọn kì í sábà fi kún un ni pé kálísíọ́mù tó tó nínú ẹ̀jẹ̀ ló ń mú kí họ́mónù parathyroid panu mọ́, kí ó má máa rán osteoclast níṣẹ́.

Bí ẹ bá ń lo prednisolone tàbí irú rẹ̀ fún oṣù mẹ́ta tàbí jù bẹ́ẹ̀, ẹ béèrè nípa eegun yín láìdúró kó tó kán. Ẹ béèrè pẹ̀lú bóyá wọ́n máa wọn CTX kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀ oògùn eegun kankan, nítorí pé nọ́ńbà ìkẹyìn tí kò ní ti àkọ́kọ́ láti fi wé kò lè sọ ohun púpọ̀. Àwọn àfikún oúnjẹ tí wọ́n ń polówó pé ó ń «dá ẹ́ńsáìmù tó ń jẹ eegun dúró» wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Oògùn tí wọ́n dán wò lára obìnrin tó lé ní 16,000 kò rí ọjà dé, nítorí náà ẹ ní kí ẹni tó ń tà á fi iye èèyàn tí wọ́n dán tirẹ̀ wò lára wọn hàn yín, kí ó sì sọ iye àwọn tí rọpárọsẹ̀ mú nínú wọn.